Gbígbé Wi-Fi Kalẹ̀ sí Ilé Yín ní Ìkòròdú

Ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà àti fóònù gbogbo ará ilé rẹ̀ máa lo íntánẹ́ẹ̀tì kan náà láìfa wáyà láti yàrá dé yàrá, ráútà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, ni yóò kọ́kọ́ rà, èyí tó sì ń lo káàdì SIM ló yá jù láti gbé kalẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ki káàdì ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ lò bọ inú fóònù, kí ẹ sì dán an wò nínú ilé yín gan-an ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí àwọn ará àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́ tí gbogbo wọn sì ń lò ó. Káàdì tó ń sáré ní Èbúté lè máa wọ́ ní Odógúnyán.

Ibi tí ẹ bá gbé ráútà sí ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ rà á lọ. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ti òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó wà níta, ó sì gbọ́dọ̀ máa bá àwọn ẹ̀rọ inú ilé sọ̀rọ̀, ìdí fèrèsé ló dára fún ti àkọ́kọ́, àárín ilé ló dára fún ìkejì. Ẹ gbé e láti fèrèsé dé fèrèsé, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì níbi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo iye iná àmì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó tàn. Nínú àwọn fèrèsé tó bá ṣe dáadáa, ẹ mú èyí tó súnmọ́ àárín ilé jù. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni mo gbé tèmi sí fún oṣù mẹ́ta nítorí pé ó fara sin níbẹ̀, àwọn ọmọ sì ń nàró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó lè rí iṣẹ́ àṣetiléwá wọn gbà. Ọjọ́ tí mo gbé e gun orí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́bàá fèrèsé ni ẹjọ́ náà tán. Ògiri búlọ́ọ̀kù, fìríìjì àti táńkì omi a máa dí i lọ́wọ́, nítorí náà òkè ni kó máa jókòó sí.

Orúkọ Wi-Fi náà àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ráútà. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ti wọ orí Wi-Fi náà, ẹ tẹ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1, èyí tí wọ́n bá kọ sára bébà náà, síbi tí ẹ máa ń tẹ àdírẹ́sì ìkànnì sí. Ọ̀rọ̀ aṣínà méjì ni ẹ óò pààrọ̀ níbẹ̀: ti Wi-Fi, àti èyí tí a fi ń wọ ojú ètò ráútà náà fúnra rẹ̀. Ìkejì yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, ó sì sábà máa ń jẹ́ «admin» lásán. Níbi ààbò, níbi tí ẹ ti máa yan irú ọ̀nà tí Wi-Fi yín yóò fi máa ti ara rẹ̀ pa, ẹ mú WPA2 tàbí WPA3. Ẹ fi WEP, irú ti àtijọ́, sílẹ̀, nítorí láti ọdún 2001 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ó ṣeé já. Kí ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi gùn tó lẹ́tà 12, kó má sì jẹ́ nọ́ńbà fóònù yín tí gbogbo ayálégbé inú ọgbà mọ̀ lórí.

Bí ráútà yín bá ní 2.4 GHz àti 5 GHz, ìyẹn irú ìgbì rédíò méjì tí Wi-Fi ń gbà, 5 ló yára fún ẹ̀rọ tó wà nítòsí, 2.4 ló ń la ògiri kọjá dé yàrá ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù. Ọ̀pọ̀ ráútà ń lo fóòtì 12, bátìrì kékeré tí wọ́n ń tà fún un sì lè gbé e fún wákàtí díẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà ráútà kí ẹ tó ra bátìrì: kí fóòtì (V) wọn dọ́gba, kí áńpíà (A) bátìrì má sì kéré sí ti ṣájà. Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín náà bá ti gba iná sára, NEPA lè mú iná lọ láàárín ìpàdé kí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ má sì mọ̀ rárá.