Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Àwo Gíláàsì Ayé Ọ̀wọ́n Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Columbus, Ohio níbí bíi tèmi, bí ẹ bá dé ọjà àlòkù, ẹ ó rí àwo gíláàsì aláwọ̀ pínńkì, aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ oyin, tí òdòdó kún gbogbo ara rẹ̀. Depression glass, ìyẹn gíláàsì ayé ọ̀wọ́n, ni wọ́n ń pè é. Ẹ má tíì béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bó ṣe dé ilé onílé.

Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní 1929, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àìmọye èèyàn. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Hocking ní Lancaster, Ohio, àti Jeannette ní Pennsylvania, ń fi ẹ̀rọ tẹ àwo wọ̀nyí jáde ní owó pọ́ọ́kú. Quaker Oats, iléeṣẹ́ oúnjẹ ọ́ọ̀tì, ń kó o sínú páálí oúnjẹ wọn. Ilé sinimá náà ń fún àwọn obìnrin ní ẹyọ kan lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n lè máa padà wá. Ó dà bí abọ́ tí à ń pín lóde ìnáwó wa: ọ̀fẹ́ ni, síbẹ̀ ìyá á tọ́jú rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù de àlejò. Ìyàwó ilé tí kò rówó ẹran ṣì fẹ́ kí tábìlì òun dùn ún wò. Ibẹ̀ ni iyì rẹ̀ wà lójú mi, n kò sì fara mọ́ àwọn tó ń fi owó nìkan díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi èékánná tọ etí rẹ̀ yí ká. Ẹ ó kan ìlà tín-ín-rín níbi tí àwọn irin tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ti pàdé. Bí afẹ́fẹ́ kéékèèké bá há sínú gíláàsì náà, kì í ṣe àbùkù, ẹ̀rọ ló ń kánjú. Ẹ wá ojú ibi tí ọ̀bẹ ti ha á láàárín rẹ̀: àwo tí wọ́n jẹun nínú rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ ewé ní uranium nínú, yóò sì tàn yòò bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì ultraviolet sí i nínú òkùnkùn.

Ẹ ṣọ́ra fún àtúntẹ̀. Iléeṣẹ́ Federal Glass, tó wà nílùú wa yìí nígbà kan rí, ṣe àwo tí wọ́n sọ ọnà ara rẹ̀ ní “Madrid” láti 1932 sí 1939, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní 1976. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1976 yẹn ní “76” lára.

Ẹ má wulẹ̀ wá èyí tó bára mu pé pérépéré. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń wọlé tẹ́lẹ̀, àdàpọ̀ sì ni wọ́n ń lò.

Ẹ̀rọ ìfọ-abọ́ kò gbọdọ̀ kàn án, ojú rẹ̀ á di bàìbàì, kò sì ní mọ́ mọ́. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ tẹ́ aṣọ sísàlẹ̀ síǹkì. Àmàlà gbígbóná kọ́ ni ẹ ó bù sí i. Èso gígé, kéèkì, mọ́ínmọ́ín tó ti tutù, ìyẹn ló lè gbà.