Bí Mo Ṣe Wádìí Ìwé Àṣẹ Kí N Tó Tún Ilé Ẹbí Wa Ṣe ní Àjàṣẹ́

Ilé tí bàbá bàbá mi kọ́ sí Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba orílẹ̀-èdè Benin ń pè ní Porto-Novo, jẹ́ ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, irú èyí tí àṣà àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ hàn lára fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo fẹ́ pààrọ̀ páànù tó ti dípẹtà, mo fẹ́ la ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sí ara ògiri tó kọjú sí títì, mo sì fẹ́ gbé yàrá méjì lé e lórí. Mọlémọlé ti ṣírò owó rẹ̀ fún mi, ó sì ń rọ̀ mí pé kí n tètè ra sìmẹ́ńtì kí òjò tó dé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ní sùúrù, nítorí mo fẹ́ mọ èyí tó gba ìwé àṣẹ nínú àwọn iṣẹ́ náà kí owó tó jáde lápò mi.

Ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò ni mo kọ́kọ́ lọ. Òun kọ́ ló ń fúnni ní àṣẹ, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó yẹ kí ènìyàn rí. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ro ẹjọ́ mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó sì bi mí: “Orúkọ ta ni ó wà lórí ìwé ilẹ̀ yín, ọmọ mi?” Orúkọ bàbá àgbà ni, bàbá àgbà sì ti re ibi àgbà ń rè tipẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Nínú òfin ilẹ̀ Benin, òfin 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, titre foncier ni ìwé tó fìdí ẹ̀tọ́ onílẹ̀ múlẹ̀ láìsí àríyànjiyàn. Àwa kò ní in; ìwé tí wọ́n fún bàbá àgbà nígbà tí wọ́n pín àdúgbò náà sí púlọ́ọ̀tì ni a ní. Mo ní láti kó ẹbí jọ, kí àwọn àbúrò bàbá mi àti àwọn ọmọ wọn lè fọwọ́ sí ìwé pé àwọn fara mọ́ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe. Ẹ̀gbọ́n kan béèrè ẹni tí yóò máa gba owó ṣọ́ọ̀bù náà, a sì pẹ́ lórí rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ilé fúnra rẹ̀ lọ. Mo rò pé ó dára tó wáyé nígbà náà, nítorí ìjà ogún tó bá bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ògiri ti dúró kì í tán bọ̀rọ̀.

Mo wá mú ìwé wọ̀nyí lọ sí mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, pẹ̀lú àwòrán ilé tí mo fọwọ́ ara mi yà sórí ìwé àjákọ. Mo ti ka ohun tó wà lórí service-public.bj, ìkànnì ìjọba, kí n tó kúrò nílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ojú títì ń fẹ́ ẹni tí yóò wo ilé tèmi gan-an. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà mí mú bírò pupa, ó sì ń fi àmì sí àwòrán náà bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní bí n bá pààrọ̀ páànù sí irú rẹ̀, tí òrùlé kò ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí n máa ṣe é lọ. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yóò yí ojú ilé padà, yàrá òkè yóò sì fi kún ìwúwo rẹ̀, nítorí náà àwọn méjèèjì gba permis de construire, ìyẹn ìwé àṣẹ ìkọ́lé, èyí tí àṣẹ ìjọba 2014-205 ti ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2014 ṣe ìlànà rẹ̀. Ó fi kún un pé bí n bá fẹ́ da yanrìn sójú títì, àṣẹ mìíràn ni mo gbọ́dọ̀ béèrè fún ìyẹn.

Kí n tó san owó fún ayàwòrán ilé, mo pe ẹnjiníà kan kí ó wá wo ògiri. Ó fi ìṣó họ sìmẹ́ńtì kúrò níbi tó ga tó orúnkún, ó ki ìka bọ ihò náà, amọ̀ tútù ni ó mú jáde. Ó ṣàlàyé pé sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi tí amọ̀ fà láti ilẹ̀ rí ọ̀nà jáde, èyí tó ń jẹ ẹsẹ̀ ògiri díẹ̀díẹ̀, àti pé irú ògiri bẹ́ẹ̀ kò lè gbé yàrá kankan.

Mo yọ yàrá òkè kúrò nínú ètò náà. Ìwé ẹbí, ìwé ilẹ̀ àti àwòrán ojú ilé pẹ̀lú ilẹ̀kùn tuntun ni mo fi sílẹ̀ ní mairie, mo sì gba rìsíìtì wọn. Ní báyìí tí mo ń dúró de èsì, mọlémọlé ti wà lórí òrùlé, ó ń tú páànù àtijọ́, kò sì tíì fọwọ́ kan ògiri ojú títì.