Kó tó buwọ́ lùwé, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á fún un

Ẹ̀yin tí ẹ ń ran àwọn ogunléndé lọ́wọ́ láti wá ibi ìsádi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni buwọ́ lu àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ògbufọ̀ kà á padà fún un lédè rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Déètì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹni tó pọnmọ sẹ́yìn, tó sá lóru, kò ráyè wo kàlẹ́ńdà. "Lẹ́yìn ìkórè" ló máa rántí. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá méfò, tí ọjọ́ náà wá yàtọ̀ níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n lè ní irọ́ ló ń pa. Bí kò bá gbọ́ èdè ògbufọ̀ yẹn dáadáa, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ bi í dáadáa pé kí ló dé tí wọ́n fi ń lépa rẹ̀. Àdéhùn ọdún 1951, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ àwọn ogunléndé, dárúkọ àwọn ìdí tó kà: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ àwùjọ téèyàn wà àti èrò òṣèlú. Ogun nìkan lè má tó.

UNHCR, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ogunléndé, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ogunléndé. Ẹni tó bá ń ta fọ́ọ̀mù wọn, oníjìbìtì ni.