Bí Mo Ṣe Fi Ètò Tẹlifíṣọ̀n Ran Ọmọ Mi Lọ́wọ́ Láti Mọ Ìwé Kà

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 4 ó lé oṣù díẹ̀ kí n tó rí i pé orin álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń kọ láàárọ̀ lálẹ́ kò tíì fi lẹ́tà kankan hàn án. Mo kọ M sórí bébà, mo sì ní kó sọ fún mi ohun tó jẹ́. Ó wò ó títí, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ orin náà láti A, bóyá yóò bá a pàdé lọ́nà. Ṣùgbọ́n nínú orin yẹn, L, M, N, O àti P a máa sáré tẹ̀ lé ara wọn débi pé bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ń dún létí ọmọdé, nítorí náà ó kọjá lára M láìmọ̀. Inú tẹlifíṣọ̀n ló ti kọ́ orin náà. Dípò kí n torí èyí pa tẹlifíṣọ̀n tì, mo pinnu láti wá ètò tó ń kọ́ni ní kíkà ní tòótọ́, kí n sì jókòó tì í fún oṣù 3.

Mo ní ìdí tí mo fi gbà pé ó ṣeé ṣe. Nígbà tí Sesame Street, ètò tẹlifíṣọ̀n fún àwọn ọmọdé, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, àwọn olùwádìí wà lára àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ìwádìí tí Educational Testing Service, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò níbẹ̀, sì ṣe lórí ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ tó wò ó jù ni ìmọ̀ wọn pọ̀ sí i jù. Ní ọdún 1971, iléeṣẹ́ tó ń ṣe é gbé ètò mìíràn jáde, The Electric Company, fún àwọn ọmọ tó ti bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ṣùgbọ́n tí ìwé kíkà ṣì nira fún. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn gidigidi: òjìji ojú èèyàn 2 kọjú síra, ọ̀kan pe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì ti ẹnu rẹ̀ jáde, èkejì pe ìyókù, lẹ́tà tirẹ̀ náà jáde, wọ́n wá jọ pe odindi ọ̀rọ̀ náà bí àwọn lẹ́tà ṣe ń so pọ̀. Ohun tí ìwé kò lè dá ṣe nìyẹn, pé kí ìró kan dé etí ọmọ gan-an nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ ń dé ojú rẹ̀. Òun ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n.

Mo yẹ ètò 6 wò lálẹ́, nígbà tí ọmọ bá ti sùn. N ó kọ́kọ́ pa ohùn rẹ̀ pátápátá, n ó sì máa ṣọ́ ibi tí ojú èmi fúnra mi ń lọ. Nínú 4 lára wọn, lẹ́tà ń jó, ẹranko kan sì ń fò sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹranko náà ni ojú mi ń tẹ̀ lé, kì í ṣe lẹ́tà. Mo pa àwọn yẹn tì. Àwọn 2 tó kù ni mo fi han ọmọ, mo sì lo ọgbọ́n kan tí mo kọ́ láti ara iṣẹ́ Edward Palmer, tó darí ìwádìí fún Sesame Street. Òun a máa gbé ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kó lè mọ ibi tí ojú ọmọ ti ń kúrò lára ètò. Ìwé àwòrán tí ọmọ mi fẹ́ràn ni èmi ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí àwọn àgbàlagbà bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ gígùn nínú ètò àkọ́kọ́ ló ń yíjú sí ìwé náà. Nígbà tí a dé orí èkejì, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló yíjú. Èkejì náà ni mo mú, inú mi sì dùn sí i pé ìró lẹ́tà ló ń pè, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan: bí M bá jáde, ẹni tó wà níbẹ̀ á pa ètè dé, á sì kùn ún sínú imú, kámẹ́rà á sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má ṣe jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n àti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Ogún ìṣẹ́jú là ń lò. Apá kan náà la sì ń wò láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, bí àwọn tó ṣe Blue's Clues, ètò ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà, ṣe máa ń fi apá kan náà hàn fún ọjọ́ 5 léraléra nígbà kan. Àgbàlagbà ni àwítúnwí ń sú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ mi kàn ń wò ni. Lọ́jọ́ kejì, ó ń rẹ́rìn-ín kí ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín tó dé. Lọ́jọ́ kẹta ni ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìró náà kí ètò tó pè é. Láti ìgbà náà ni rìmóòtù kì í ti í kúrò lọ́wọ́ mi. Bí lẹ́tà bá ti jáde, n ó dá àwòrán dúró, n ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́ náà ló le jù fún mi, nítorí pé ó máa ń wù mí láti sọ ọ́ fún un. Nígbà kan tí mo fẹ́ la ẹnu, ó gbé ọwọ́ sókè.

“Mọ́mì, ẹ má tíì sọ ọ́. Ó ń bọ̀.”

Ó dé lóòótọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo rí àṣìṣe ńlá tí mo ti ń ṣe. Ètò náà ti kọ́ ọ ní “sun”, ó sì ń kà á láìkọsẹ̀ nígbàkúgbà tó bá ti jáde. Mo kọ ọ́ sórí páálí pẹ̀lú yíǹkì dúdú, mo gbé e síwájú rẹ̀, ó sì wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Mo padà lọ wo ètò náà. Àwọ̀ oòrùn, pupa rẹ́súrẹ́sú, ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ náà, ìtànṣán sì ń yọ lára S. Àwọ̀ àti ìtànṣán ni ọmọ mi ti ń kà, kì í ṣe lẹ́tà. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí pé mo ti ń yọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ 2. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí a wò tí n kò ní kọ ní dúdú lórí páálí kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo gé “un” sọ́tọ̀, mo sì kọ S, R, F àti B sórí páálí kéékèèké, kó lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ wọn níwájú rẹ̀. Bó ṣe gbé R sí ipò S, ó tún un gbé kúrò, ó tún un gbé padà, ó ń pe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ó sì wo ojú mi bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ ṣàwárí rẹ̀. Iṣẹ́ òjìji ojú èèyàn 2 yẹn gan-an ni, ṣùgbọ́n ìka ọmọ ló ń ṣe é báyìí.

Mo tún fi ọ̀rọ̀ orin tó máa ń jáde ní ìsàlẹ̀ àwòrán kún un. Ọdún 1996 ni olùwádìí kan tó ń jẹ́ Brij Kothari bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún èyí ní Íńdíà, pé kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ orin fíìmù sábẹ́ àwòrán ní èdè tí wọ́n fi ń kọ orin náà, kí àwọn tí ìwé kíkà ṣòro fún lè máa kà á bí wọ́n ṣe ń kọrin. Fún ọmọ mi, ó yá jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Orin tó ti mọ̀ lórí nìkan ló wúlò, nítorí pé ojú rẹ̀ nìkan ló kù tó ń wá ọ̀nà.

Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 1 máa ń fẹ́ jókòó tì wá, ṣùgbọ́n n kò retí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 àtààbọ̀ ń kọ́ ohun púpọ̀ lára ẹni tó wà níwájú wọn ju lára àwòrán ẹ̀rọ lọ. Páálí ni mo máa ń fún un láti fi ṣeré.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, mo mú ìwé tín-ín-rín kan wá tí kò bá ètò náà tan, mo sì bo àwòrán ojú ewé àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi “mud”, ó dúró, ó pa ètè dé, ó kùn ún sínú imú gẹ́gẹ́ bí ẹni inú tẹlifíṣọ̀n ti máa ń ṣe, ó fi ìyókù kún un, ó pè é láṣepé. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

“Mọ́mì, kí ló ń jẹ́ ‘mud’?”

Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí, kò sì rí àwòrán tó lè fi méfò. Mo ní ẹrẹ̀ ni. Ó ní, “Ẹrẹ̀,” ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà láti tún un kà.