Bí A Ṣe Ń Kọ Ìkà Tó Ń Pín Ẹja Fún Ọmọ

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé àròsọ lórí bàbá tó bí bàbá mi. Ìwọ̀fà, àwọn tí wọ́n fi ṣe ìdúró fún gbèsè, kún ilé rẹ̀. Mo kọ ọ́ ní ìkà paraku: ojú pípọ́n, ohùn bí àrá. Mo ka orí kìíní fún àǹtí mi, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta lèyí? Bàbá tó máa ń ṣa ẹja inú ìkókórè bọ̀ wá lẹ́nu?"

Mo ya ìwé náà.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wá oore tí ìkà yín ń ṣe, kí ẹ kọ ọ́ títí òǹkàwé á fi fẹ́ràn rẹ̀. Kí ìwọ̀fà tó ń gbálẹ̀ wá kọjá lẹ́yìn àwo ẹja yẹn. Ẹ má ṣàlàyé. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà "ìkà" kúrò níbi gbogbo. Tèmi lé ní ogún.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló gba oorun lójú mi. Láyé ìgbà yẹn, iṣẹ́ ìwọ̀fà kì í dín gbèsè kù, èlé lásán ló ń dí. Ọmọ tí wọ́n fi sọfà nítorí òkẹ́ mẹ́fà, ìyẹn 120,000 owó ẹyọ, bó ṣe ogún ọdún lóko olówó, òkẹ́ mẹ́fà náà ló ṣì jẹ. Mo bá fi ọdún sí gbogbo orí bàbá àgbà: 1892, tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, ló gbéyàwó. Orí mẹ́ta tó jẹ́ ti ìwọ̀fà kò ní ọdún kankan. "Ó gbé ọkọ́" ló bẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé rò pé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni.

Ní ti ìrántí, ẹ má gbé e sẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Mo bi àwọn ará ilé nípa ẹni tó máa ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ. Àbúrò bàbá mi ní ìbátan wa ni. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Àǹtí ní, "Ọmọ yẹn? Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun kí n tó gbọ́njú." Mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, mi ò dá ẹjọ́ láàárín wọn.

Ẹ má sì tètè sọ ìwọ̀fà náà lórúkọ. Nínú ìwé tèmi, ìyàwó tuntun ló bèèrè orúkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rin ewùrà. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì ń rin ewùrà lọ.