Ipò Kìíní Kò Sọ Pé Ọmọ Mọ̀wé: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Ìtẹ̀síwájú Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Bí oṣù keje bá ti wọlé, kò sí àdúgbò ní Ilé-Ifẹ̀ tí ẹ ò ní bá kánópì níwájú ilé-ìwé. Láti Lágere dé Sábó, dé Mọ̀dákẹ́kẹ́, wọ́n á máa pín ẹ̀bùn, wọ́n á máa ya fọ́tò, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá á wọ aṣọ oyè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Yunifásítì. Èmi ò bá ayẹyẹ jà. Inú òbí dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé tí wọ́n bá ká kánópì tán, kì í sẹ́ni tó ń béèrè ohun tí ọmọ náà lè ṣe báyìí tí kò lè ṣe nígbà tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Torí pé a kì í béèrè rẹ̀ la ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí, ní ilé-ìwé ìjọba àti ní ti aládàáni.

Ẹ má fi ipò wọn ọmọ

Ohun àkọ́kọ́ tí òbí máa ń wò nínú ripọ́ọ̀tì káàdì ni ipò. "Ipò kejì? Ta ló ṣe kìíní?" Ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò kò sọ ju bí ọmọ ṣe rí láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí gbogbo kíláàsì kò bá lè kàwé, ẹnìkan ṣì máa ṣe ipò kìíní nínú wọn. Ọmọ tó ti ń kàwé geerege kó tó wọ pírámárì kejì, tó sì lo gbogbo ọdún láìfi nǹkan kan kún un, á gba ẹ̀bùn. Èyí tí kò dá lẹ́tà mọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, tó wá ń ka gbólóhùn kúkurú ní oṣù keje, ipò kejìdínlógún ni wọ́n máa kọ fún un. Lára ẹni kejì yìí gan-an ni iṣẹ́ tíṣà ti hàn.

Máàkì náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, máàkì 40 wà fún iṣẹ́ àárín sáà, 60 fún ìdánwò. Àwọn tíṣà kan wà tí wọn kì í fún ọmọ níṣẹ́ gidi láàárín sáà. Bó bá wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n pín káàdì, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa fi orí ro máàkì 40 náà. Òbí tó bá fẹ́ mọ òtítọ́, kó béèrè fún ìwé iṣẹ́ ọmọ, kó wo déètì inú rẹ̀. Kó má sì jẹ́ kí ìwé tó mọ́ tónítóní tan òun jẹ. Ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ lè má lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó kọ. Ẹ na ìka sí àárín ojú-ìwé, ẹ ní kó kà á.

Ẹ má dúró di oṣù keje kí ẹ tó mọ ẹni tí kò lè kàwé

Tí ẹ bá bi mí, èyí ni olórí gbogbo wọn. Ìgbà tí nǹkan ti bọ́ ni ìdánwò ìparí ọdún máa ń dé. Tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ní oṣù keje pé ìdajì kíláàsì òun kò lè kàwé, kí ló fẹ́ ṣe sí i? Ó ti fẹ́ fà wọ́n lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Àyẹ̀wò tó wúlò kò gba owó. Ní Íńdíà, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Pratham dá àyẹ̀wò kan sílẹ̀ ní 2005, ASER ni wọ́n ń pè é. Ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ ní àwọn abúlé pẹ̀lú bébà kan lọ́wọ́. Lẹ́tà wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kéékèèké wà lórí rẹ̀, ìpínrọ̀ kúkurú kan wà níbẹ̀, àti ìtàn tó gùn díẹ̀. Wọ́n á pe ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó, á kà á sókè, wọ́n á kọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti wà ní kíláàsì karùn-ún kò lè ka ìwé tí wọ́n kọ fún kíláàsì kejì. Pratham yìí kan náà ló gbé ọ̀nà ìkọ́ni kan jáde: láàárín wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́, ẹ pín àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n lè kà, ẹ má wo ọjọ́ orí, ẹ má wo kíláàsì. Ẹni tó wà ní ìdí lẹ́tà á máa ṣe lẹ́tà, ẹni tó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ á máa ṣe ọ̀rọ̀. Bó bá ti gòkè, wọ́n á gbé e lọ sí ẹgbẹ́ tó kàn.

Ilé-ìwé ní Ilé-Ifẹ̀ lè fi bébà àti bírò ṣe é. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kejì tí àwọn ọmọ wọlé, ẹ tún un ṣe ní oṣù kìíní, ẹ tún un ṣe kí ọdún tó parí. Ẹ ṣe ti Yorùbá lọ́tọ̀, ẹ ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Ẹ máa pààrọ̀ ìtàn inú rẹ̀ o, torí àwọn ọmọ wa mọ nǹkan há sórí; ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn ìjàpá kan lẹ́ẹ̀mejì á kà á fún yín láìwo bébà. Ẹ má sì jẹ́ kí tíṣà yẹ àwọn ọmọ kíláàsì tirẹ̀ wò. Kí tíṣà pírámárì kẹta lọ yẹ ti pírámárì kejì wò. Kì í ṣe pé a ò fọkàn tán an; ẹni tó kọ́ ọmọ kì í mọ ìgbà tí òun ń fi ẹnu ràn án lọ́wọ́.

Ẹ má lé Yorùbá jáde ní kíláàsì

Bí ìlú kan bá wà tí kò yẹ kí àṣìṣe yìí ti ṣẹlẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ ni. Ní 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan. Ford Foundation, àjọ kan ní Amẹ́ríkà, fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ yòókù yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pàápàá, fún odindi ọdún mẹ́fà. Ẹgbẹ́ kejì ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nígbà náà: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Iṣẹ́ náà ń lọ títí di 1978. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ kejì lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹlẹ̀ sí ti àwọn yẹn.

Síbẹ̀, nínú ìlú yìí kan náà, ilé-ìwé ṣì wà tí ọmọ ń san owó ìtanràn nítorí pé ó sọ Yorùbá lásìkò eré, òbí sì wà tó ń fọ́nnu pé "ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kò lè fi Gẹ̀ẹ́sì nájà. Ọmọ tí wọ́n bá ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í torí ẹ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì. Dídákẹ́ ló máa dákẹ́. Ọmọ tó bá sì ti dákẹ́ kò ní béèrè ohun tí kò yé e.

Àwọn mìíràn ń ṣi iṣẹ́ Fáfúnwá lóye láti apá kejì. Wọ́n rò pé bí tíṣà bá ti ń sọ Yorùbá, ó ti tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe é ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Wọ́n kọ ìwé tuntun ní Yorùbá fún àwọn iṣẹ́ náà, wọ́n dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì fi tíṣà tó dìídì mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni sí ìdí Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà tó ń fi Yorùbá ṣàlàyé ìwé tí kò sí lọ́wọ́ ọmọ kankan, ẹnu lásán ló ń yà.

Èyí tí ilé-ìwé lè mú lò lọ́la ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ìwé kà ní Yorùbá. Lẹ́tà 25 péré ni, bí ọmọ bá sì ti mọ ìró ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ló máa bá a nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ kà. Ohun tó mọ̀ yẹn ló máa gbé lọ bá Gẹ̀ẹ́sì. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ tí a kì í sọ. Ìyá tó ń ta tòmátì ní ọjà Odò-Ògbè, tí kò kàwé kọjá pírámárì kẹta, kò lè mọ̀ bóyá Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ rẹ̀ ń kà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bó bá ní kó ka ìwé Yorùbá, lójú ẹsẹ̀ ló máa mọ̀ bóyá ìwé ló ń kà ni àbí ó ń sọ tẹnu ara rẹ̀. Bó ṣe ń to tòmátì, bẹ́ẹ̀ ló ń bá tíṣà ṣiṣẹ́.

Ẹ má kó gbogbo tíṣà tó mọṣẹ́ sí pírámárì kẹfà

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé ló ń ṣe èyí, nítorí ìdánwò àtiwọ girama, nítorí orúkọ ilé-ìwé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, tí kò tíì mọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú ṣọ́ọ̀kì, pírámárì kìíní ni wọ́n máa jù ú sí. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ̀wé kà, àbí kó má mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ̀kọ́ àfikún ìrọ̀lẹ́ náà ń tẹ̀ síbi kan náà: àwọn tí òbí wọn rówó san ló ń dúró, ìyẹn àwọn tó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ní wákàtí kan péré láti fi ṣe ìrànlọ́wọ́, ọ̀dọ̀ àwọn kéékèèké tó ṣì ń kọ́ lẹ́tà ni kí wákàtí náà lọ, láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ má ka orí dípò ẹ̀kọ́

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, iye ọmọ tó wà nílé-ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan. Ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n tíṣà tó kẹ́kọ̀ọ́ kò kárí, ọ̀pọ̀ tí wọ́n gbà kò ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà. Àtìgbà yẹn la ti yẹ ká mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ wọlé, ọ̀tọ̀ ni kó mọ nǹkan. Nígbà tí O'MEALS, ètò oúnjẹ ọ̀sán ti ìjọba ìpínlẹ̀, dé àwọn ilé-ìwé Ọ̀ṣun ní 2012, ìwàásù kan náà la gbọ́: iye ọmọ pọ̀ sí i. Oúnjẹ dára, ebi kì í jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n abọ́ ìrẹsì kọ́ ni ìwé kíkà.

Rẹ́jísítà sì wà, èyí tí àwọn tíṣà kan ń máàkì bí ẹni ń fọ́n iyọ̀, gbogbo ọmọ ló wá lójoojúmọ́. Láti oṣù kẹsàn-án dé Kérésìmesì, ìkórè kòkó wà lórí àwọn tí oko wọn wà lọ́nà Ìfẹ̀tẹ̀dó. Ọmọ wọn á kúrò nílé-ìwé ní Ọjọ́bọ̀, kò ní padà títí di ọjọ́ Ajé. Sáà ẹ̀kọ́ kan kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá lọ. Ẹni tó ń pa ọjọ́ Ẹtì nìkan jẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti pàdánù ju ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ lọ. Kí tíṣà tó pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní olódo, kó kọ́kọ́ ka ọjọ́ tó wá. Bó bá sì jẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni kíláàsì máa ń tú, kí wọ́n má fi iṣẹ́ tuntun sí ọjọ́ Ẹtì.

Ní ti pé kí ọmọ tún kíláàsì ṣe, bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ́dún tó kọjá, ibi tó wà ló máa wà. Pàṣán náà kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní lẹ́tà rí.

Ìpàdé òbí kì í ṣe ìpàdé owó

Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 ti sọ ọ́ pé ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ máa fi kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, mẹ́fà ní pírámárì, mẹ́ta ní kékeré girama. Síbẹ̀, bí ìpàdé òbí bá wà, ọ̀rọ̀ owó ló máa ń gba gbogbo àsìkò. Ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé, tí àwọn òbí, ìjòyè àdúgbò àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wà nínú rẹ̀, ló yẹ kó máa ṣètò ìdàgbàsókè ilé-ìwé. Ẹ wo ètò tí wọ́n kọ: gẹ́ètì, ọ̀dà, òrùlé, ṣálángá. Gbogbo rẹ̀ wúlò, pàápàá ṣálángá. Ìwé kíkà ni kò sí níbẹ̀.

Ìwé tí ọ̀gá ilé-ìwé máa kà ní ìpàdé náà kò yẹ kó ju ojú-ìwé kan lọ: iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, iye tó lè ka ìtàn ní oṣù kẹsàn-án, iye tó lè kà á báyìí, àti ohun tí wọ́n máa ṣe fún àwọn tó kù kí sáà tó ń bọ̀ tó parí. Kó má ka orúkọ ọmọ kankan síta. Òbí tó bá béèrè pé "tèmi ńkọ́?", kó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìpàdé, kó ṣí ìwé àyẹ̀wò, kó fi ibi tí ọmọ rẹ̀ wà hàn án, kó sì fún un ní ìwé kan tí wọ́n á jọ máa kà nílé.