Bí mo ṣe to ayé mílíọ̀nù 250 ọdún sí i sórí páànù

Náírà 22,000 ni mo san fún àwòrán ilẹ̀ ayé kan tí mi ò lè lò, ó ṣì ń dùn mí títí di òní. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Mo ti ṣàlàyé títí pé awẹ́ awẹ́ bí obì ni èèpo ayé, pé awẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń rìn, kò wọ̀ wọ́n létí. Mo wá ní kí n ṣe ayé tí wọ́n lè fọwọ́ tì: kí n gé kọ́ńtínẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan jáde lára páálí, kí n lẹ òòfà sẹ́yìn rẹ̀, kí n tò wọ́n sórí páànù pẹlẹbẹ, ká wá jọ tì wọ́n dé ibi tí wọ́n máa wà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 250 ọdún sí i.

Onítẹ̀wé tó bá mi ṣe àwòrán náà fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí èyí tó dáa jù ú lọ. Nígbà tí mo gbé e padà, ó ní mo ti gé e, òun ò sì gba ọjà tí wọ́n ti gé.

Gígé àti lílẹ̀ ò le, mi ò ní fìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn. Kí n tó ti ilẹ̀ síwájú, mo fẹ́ kọ́kọ́ dá a padà sẹ́yìn, kí àwọn ọmọ rí i pé ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, bí Alfred Wegener, ará Jámánì, ṣe sọ ọ́ lọ́dún 1912. Èjìká Brasil ló yẹ kó wọ abíyá Áfíríkà, níbi tí etíkun ti ṣẹ́ kọ́rọ́ láàárín Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Kò wọ̀ ọ́. Bí èjìká bá wọlé, ìsàlẹ̀ á yà sọ́tọ̀. Bí mo bá tẹ ìsàlẹ̀ mọ́ra, òkè á gun ara wọn. Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wà lórí ẹ̀. Mo tiẹ̀ fi abẹ fá etí Gúúsù Amẹ́ríkà díẹ̀díẹ̀ kó lè gbà. Ohun tí mo kábàámọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Greenland, erékùṣù ńlá kan lápá òkè ayé, ló là mí lójú. Mo gbé e lé Áfíríkà lórí lálẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Bẹ́ẹ̀, ìlọ́po 14 ni Áfíríkà fi tóbi jù ú lọ. Àṣé irú àwòrán tí Gerardus Mercator yà lọ́dún 1569 fún àwọn awakọ̀ òkun ni wọ́n tà fún mi. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ á tọ́ lórí rẹ̀, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ṣe ń sún mọ́ òkè tàbí ìsàlẹ̀ ayé ló ń fẹ̀ sí i. Ibo ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti fẹ́ bára mu? Ẹni tó bá fẹ́ ra àwòrán ilẹ̀ ayé, Greenland ni kó kọ́kọ́ wò kó tó sanwó.

Mo yá glóòbù, mo fi bébà tó ń fi inú hàn tẹ kọ́ńtínẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan yà. Ó sàn, síbẹ̀ àlàfo ṣì wà. Etí omi kì í ṣe etí ilẹ̀: ilẹ̀ ṣì máa ń tẹ́ lọ lábẹ́ òkun kó tó já sí ibú. Etí abẹ́ omi yẹn, níbi tó jìn tó nǹkan bí 900 mítà, ni Edward Bullard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge lò nígbà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà so ilẹ̀ méjèèjì pọ̀ lọ́dún 1965. Mo fa ìlà yẹn mọ́ tèmi. Ó wá ku ibì kan tó yọ gọnbu: Niger Delta. Inú mi dùn gan-an nígbà tó yé mi. Delta ò sí níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ méjèèjì pínyà. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn tí Odò Ọya ń kó wá lẹ́yìn náà ló di ilẹ̀. Àfonífojì tí Odò Benue ń gbà kọjá pàápàá, ojú ibi tí ilẹ̀ fẹ́ ti là nígbà náà ni, tí kò là tán. Mo gé Delta kúrò, èjìká Brasil sì wọlé, ó ṣe rẹ́gí! Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

Ìṣirò ló kù, kò sì le: ilẹ̀ tó bá ń rin sẹ̀ǹtímítà 1 lọ́dún á rin kìlómítà 10 ní mílíọ̀nù ọdún kan. Ọsirélíà ń lọ sí àríwá ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7 lọ́dún, ẹ bá mi rò ó. Áfíríkà ń sún mọ́ Yúróòpù. Òkun Mẹditaréníà á pa dé, òkè á sì hù níbẹ̀ bí Himalaya ṣe hù nígbà tí Íńdíà kọ lu Éṣíà. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ní tiẹ̀ ń ya lọ: lọ́dún 2005, ilẹ̀ là ní Afar, ní Ethiopia, nǹkan bí kìlómítà 60, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo gé apá yẹn sọ́tọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù o, torí àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò. Christopher Scotese ní Àtìláńtíìkì á kọ́kọ́ fẹ̀ sí i ná, á tún wá pa dé, Amẹ́ríkà á sì padà wá bá Áfíríkà. Pangaea Proxima ló pè é. Àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà àti Éṣíà ló máa pàdé lápá òkè ayé, Amasia ni wọ́n ń pe ìyẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọmọbìnrin kan ti Amẹ́ríkà wá sọ́dọ̀ wa, ọmọkùnrin kan tún fà á gba òkè lọ bá Éṣíà. Aago ìsinmi ti lù, wọn ò jáde.